Ẹ má pè é ní owó ìrànwọ́ mọ́: ìbánisan ni

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu dúró ní Eagle Square l'Ábùújá, ó ní sọ́bsídì epo, ìyẹn owó tí ìjọba ń fi kún iye epo kí aráàlú lè rà á ní ọ̀pọ̀, ti lọ. Kílẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, gbogbo rédíò ti ń pariwo pé "ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo". Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi sí gbólóhùn yẹn. Ìbínú ọ̀hún ò tíì rọlẹ̀, torí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ti dé, òun kan náà ni wọ́n sì tún gbé bọ̀.

Ẹ wo ohun tó ń dá sílẹ̀. Ìyá kan tó ń ta omi tútù àti ẹja inú fìríìsà ní Ìpàtà níbí ní Ìlọrin bi mí léèrè pé, "Àfáà, owó ìrànwọ́ wo ni wọ́n yọ? Ta ni wọ́n fún rí? Kọ́bọ̀ kan ò kan ọwọ́ tèmi." Mi ò lè bá ìyá jiyàn. Lédè tiwa, ẹni tí wọ́n bá ràn lọ́wọ́ máa ń mọ̀. Ìrànwọ́ la pe oúnjẹ tí wọ́n pín nígbà kòrónà, ìrànwọ́ la tún pe owó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi sínú àkáǹtì àwọn tálákà. Bí ẹ bá wá fi orúkọ yẹn pe sọ́bsídì, báwo ni ìyá ṣe fẹ́ mọ̀ pé èyí tí wọ́n ní àwọn ń pín yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ní àwọn ò san mọ́?

"Yọ" tiẹ̀ burú jù ú lọ. Láyé POS tí a wà yìí, kéèyàn gba owó jáde nínú àkáǹtì ni "yọ owó" létí ará ọjà. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń ṣépè ní gáréèjì Ọ̀fà pé wọ́n yọ owó ìrànwọ́ aráàlú, wọ́n sì ná an tán. Ọkùnrin yẹn gbọ́n dáadáa. Èdè tí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ ló ṣì í lọ́nà.

Àwọn kan ní ká pè é ní "ẹ̀dínwó". Ọlọ́jà ló ń ṣe ẹ̀dínwó, nínú èrè ara rẹ̀ ló ti ń gé e. Ti sọ́bsídì, ọlọ́jà gba owó rẹ̀ pé, ẹlòmíràn ló fi kún un fún un. Mo tún ti rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí "ẹ̀kúnwó", ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń lò nígbà tí nǹkan bá gbówó lórí! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á wá máa jẹ́ ohun tó ń fa owó wálẹ̀ àti ohun tó ń gbé e lọ sókè. "Sọ́bsídì" fúnra rẹ̀ sàn ju gbogbo wọn lọ, torí kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìbánisan ni mo ń pè é. Inú ọkọ̀ ni mo ti rí i. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán rí á ti gbọ́ ọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi san." Ká ní owó ọkọ̀ jẹ́ ₦3,000, ọmọ ilé ìwé kan wọlé, ₦1,000 péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kan tó jókòó níwájú sọ fún awakọ̀ pé, "Jẹ́ kó wọlé, màá bá a san ìyókù." Ọmọ yìí ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá, ọwọ́ awakọ̀ ni owó ń lọ. Bó bá wá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọkọ̀ láti kékeré, á gbà pé ₦1,000 lowó ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá bá ní òun ò bá a san mọ́, ẹnikẹ́ni ò yọ nǹkan lápò ọmọ, awakọ̀ náà ò sì fowó lé e. ₦3,000 ló ti ń jẹ́ bọ̀, ojú ọmọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tó o.

Ẹ wá fi kún un pé bàbá yìí kì í san án tán. "Máa kọ ọ́ sílẹ̀" ló ń sọ fún awakọ̀. Gbèsè ń ga, awakọ̀ ò rówó ra táyà, ọkọ̀ ń kú sójú ọ̀nà kó tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, gbogbo èrò sì ń fẹsẹ̀ rìn. Bí iná wa ṣe rí gan-an nìyẹn: ìjọba ni bàbá, ilé iṣẹ́ iná ni awakọ̀, àwa tó ń ra iná ni ọmọ. Lọ́dún 2025, gbèsè tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná ní ìjọba àpapọ̀ jẹ wọ́n ti tó tírílíọ̀nù náírà mẹ́rin. Láti ọdún 1985 ni odò Ọya ti ń yí ẹ̀rọ iná ní Jẹ́bà, ní ilẹ̀ tiwa níbí, síbẹ̀ ariwo jẹnẹrétọ̀ la fi ń sùn.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, kéde pé ìjọba ò ní bá àwọn Band A san mọ́, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán. Yúníìtì kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦68 fò lọ sí ₦225. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n mú un wá sí ₦206.80 ní oṣù Karùn-ún, ó di ₦209.50 ní oṣù Keje. Ẹni tó bá ra iná ₦5,000, tí VAT sì ti mú tirẹ̀ nínú rẹ̀, yúníìtì bíi 68 ló ń rí tẹ́lẹ̀. Ó wá di 22. Ìjọba ṣì ń bá àwọn Band yòókù san ní tiwọn. Mi ò ní máa to B, C, D, E lẹ́sẹẹsẹ. Wákàtí iná ló yà wọ́n sọ́tọ̀, kálukú sì mọ bí tiẹ̀ ṣe ń rí.

Àwọn yòókù yìí gan-an lọkàn wọn ò balẹ̀. Wọ́n ti rí ohun tó ṣe Band A. Wọn ò mọ ọjọ́ tí bàbá máa sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì mọ̀ bóyá gbogbo èrò ló máa pa tì lẹ́ẹ̀kan náà tàbí á ṣì máa bá àwọn aláìní san. Èyí tó le jù ni pé ₦3,000 inú àpẹẹrẹ mi kì í dúró lójú kan. Gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú iná wa, dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé e. Bí náírà bá ti já, owó ọkọ̀ ti ga nìyẹn, bàbá á ní iye tí ọmọ ń mú wá lòun fẹ́ kó lé sókè, ẹrù tòun ti pọ̀ jù. Báwo ni ìyá ẹléja ṣe fẹ́ ṣírò iye tí fìríìsà máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Òmù-Àrán ò gba ọ̀rọ̀ mi. Ó ní "bá mi san" lè jẹ́ kéèyàn bá mi san gbogbo rẹ̀, ó ní "owó ìgbéró" ló dára. Mo ní kó wo ìbánikẹ́dùn. Ta ló gbọ́ ìbánikẹ́dùn rí tó rò pé ọlọ́fọ̀ ò sunkún mọ́? Ẹni tó ni ọ̀fọ̀ ń sunkún, àwọn tó wá bá a kẹ́dùn gbé díẹ̀ níbẹ̀. Bí "bá" ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárín wa nìyẹn, ó ti fi ẹni méjì sídìí ọ̀ràn kan náà kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ìgbéró ńkọ́? Ohun tó fẹ́ wó la ń gbé ró, bí ilé tó ya tàbí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so kọjá agbára rẹ̀. Kò fi han ẹnikẹ́ni pé owó ń kúrò lọ́wọ́ kan lọ sí òmíràn. A ò tíì fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ẹ̀.

Mo padà sí Ìpàtà lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì ṣàlàyé fún ìyá pé sọ́bsídì iná túmọ̀ sí pé ìjọba ń bá a san níbẹ̀, ilé iṣẹ́ iná ló sì yẹ kó máa gba owó náà. Ó yọwọ́ kúrò nínú omi ẹja, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀.

"Àfáà, èló ni wọ́n wá ń bá mi san?"

Ó mú rìsíìtì kádì iná rẹ̀ wá, a jọ wò ó síwá sẹ́yìn. Iye owó tó san àti yúníìtì tó rí wà níbẹ̀. Iye tí wọ́n ń bá a san kò sí níbẹ̀.