Ìtẹ̀léra góòlù àti póìǹtì nínú họ́kì orí yìnyín

Nínú họ́kì orí yìnyín, ìtẹ̀léra ni iye ìdíje tí eléré kan gbá góòlù wọlé, tàbí tó rí póìǹtì, láìsí èyí tó fi lọ sílé lọ́wọ́ òfo láàárín wọn. Góòlù kan, póìǹtì kan. Ẹni tó ti pọ́ọ̀kì, ìyẹn róbà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi igi gbá, fún ẹni tó gbá a wọlé náà ń gba póìǹtì kan fún ìrànwọ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni méjì ló máa rí ti ìrànwọ́ gbà lórí góòlù kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ìtẹ̀léra póìǹtì fi máa ń gùn ju ti góòlù lọ. NHL, líìgì tó da Kánádà àti Amẹ́ríkà pọ̀, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ìtẹ̀léra póìǹtì

Wayne Gretzky ti Edmonton Oilers ló ni èyí tó gùn jù. Nínú ìdíje 51 àkọ́kọ́ ní sáà 1983–84, kò sí èyí tí kò ti rí póìǹtì: góòlù 61, ìrànwọ́ 92, àròpọ̀ 153. Ẹ pín 153 sí ọ̀nà 51, mẹ́ta géérégé ni yóò kan ìdíje kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ni àkọsílẹ̀ tó fọ́, torí ó ti ṣe 30 láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà 1982–83.

Díẹ̀ ló kù kí okùn náà já ní ìdíje kẹrìnlélógójì. Chicago ti yọ aṣọ́lé wọn kúrò kí wọ́n lè fi ẹnì kan kún àwọn tó ń kọlù. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré kí ìdíje náà parí nígbà tí Gretzky gbá pọ́ọ̀kì sínú àwọ̀n tó ṣófo. Los Angeles Kings ló já a nígbẹ̀yìn ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1984, Markus Mattsson ló sì ṣọ́lé fún wọn lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, póìǹtì 205 ni Gretzky fi parí sáà náà, nínú ìdíje 74.

Mario Lemieux ti Pittsburgh ló tẹ̀lé e pẹ̀lú ìdíje 46 ní 1989–90. Kì í ṣe aṣọ́lé kankan ló dá tirẹ̀ dúró bí kò ṣe ẹ̀yìn tó ń dùn ún, èyí tó mú un jáde láàárín ìdíje pẹ̀lú New York Rangers ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1990. Gretzky tún ṣe 39 ní 1985–86. Sáà yẹn kan náà ni Paul Coffey, tí wọ́n jọ wà ní Edmonton, ṣe 28, èyí tó pọ̀ jù fún eléré ẹ̀yìn.

Ó yẹ ká fi ojú ìgbà wo àwọn iye wọ̀nyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè, góòlù bíi mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń gbá pọ̀ nínú ìdíje kan. Nígbà tí Patrick Kane ti Chicago ṣe 26 ní 2015–16, wọn kì í sábà gbá tó mẹ́fà mọ́. Lójú ẹni tó bá ń ṣírò rẹ̀ báyìí, 26 ti Kane kò jìnnà sí àwọn ti àtijọ́ tó bí ó ṣe rí lórí ìwé.

Ìtẹ̀léra góòlù

Harry “Punch” Broadbent ti Ottawa Senators gbá góòlù wọlé nínú ìdíje 16 tó tẹ̀léra ní 1921–22, kò sì tíì sí ẹni tó bá a. Ìdíje 24 péré ni sáà náà ní. Góòlù 32 ló fi parí rẹ̀. Joe Malone ti ṣe 14 ní 1917–18, sáà àkọ́kọ́ NHL. Charlie Simmer ti Los Angeles ṣe 13 ní 1979–80. Ìfiwéra le díẹ̀, torí nígbà ayé Broadbent, àwọn ọ̀gá eléré kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí yìnyín títí ìdíje á fi parí.

Láàárín ìdíje kan ṣoṣo

Góòlù tún lè tẹ̀léra láàárín ìdíje kan náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 1952, Bill Mosienko ti Chicago gbá góòlù mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 21 sínú àwọ̀n New York Rangers. Gus Bodnar ló ṣèrànwọ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Chicago borí, 7 sí 6.