DHCP

DHCP, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Dynamic Host Configuration Protocol, ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà, fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń gba àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lọ́wọ́ sáfà (ẹ̀rọ tó ń dá àwọn yòókù lóhùn) láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú wọn. Sáfà náà kì í fi àdírẹ́sì tọrẹ. Ńṣe ló ń yá wọn lò fún ìwọ̀n àkókò kan. Nínú ilé, ráútà ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ sáfà yìí.

Kí DHCP tó dé, olùtọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń lọ bá kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí á tẹ àdírẹ́sì sí i, tí á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá gbàgbé, tó fún kọ̀ǹpútà méjì ní àdírẹ́sì kan náà, méjèèjì á máa ṣe ségesège. BOOTP, ìlànà kan tó ṣáájú DHCP, tó jáde ní 1985, dín wàhálà yìí kù díẹ̀, ṣùgbọ́n olùtọ́jú ṣì ní láti kọ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ṣáájú. Oṣù Ọ̀wàrà 1993 ni ìlànà DHCP kọ́kọ́ jáde. Ralph Droms ló kọ ọ́, òun náà ló sì kọ ìwé ìlànà RFC 2131 ti 1997, tó ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún IPv4, ẹ̀yà kẹrin ìlànà IP.

Fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Wi-Fi kò ní àdírẹ́sì, kò sì mọ ibi tí sáfà wà. Bí àlejò tó ń kágò lẹ́nu ọ̀nà ni: á fi 0.0.0.0 dúró fún ara rẹ̀, á sì ké sí 255.255.255.255, ìyẹn gbogbo ẹ̀rọ tó wà nítòsí. Igbe yìí ni Discover. Sáfà tó bá gbọ́ á na àdírẹ́sì kan sí i, èyí ni Offer. Fóònù á ní èyí lòun fẹ́, ìyẹn Request. Sáfà á wá fọwọ́ sí i, ìyẹn Acknowledge. DORA ni àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Igbe ni Request náà, torí bí sáfà méjì bá jọ na àdírẹ́sì, èyí tí fóònù kò mú gbọ́dọ̀ gbọ́, kó lè mú tirẹ̀ padà. Pẹ̀lú àdírẹ́sì ni fóònù ń gba ọ̀nà àbájáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì DNS (sáfà tó ń sọ orúkọ ìkànnì di àdírẹ́sì IP), àti iye àkókò tí ó yá a fún.

Ọjọ́ 8 ni Windows Server ń yáni bí olùtọ́jú kò bá yí i padà. Bó bá di ọjọ́ kẹrin, kọ̀ǹpútà á rọra tọrọ àfikún lọ́wọ́ sáfà tó yá a. Bí kò bá sí ìdáhùn títí di ọjọ́ keje, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí sáfà yòówù. Ní ìparí ọjọ́ kẹjọ, àdírẹ́sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 8 tọ́ sí ọ́fíìsì, kò tọ́ sí ilé oúnjẹ: àdírẹ́sì 254 tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré ní lè tán lọ́wọ́ sáfà nígbà tí àwọn oníbàárà tó gbà wọ́n ti lọ sílé tipẹ́. Wákàtí kan tàbí méjì tó irú ibẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni a sábà máa ń fi àdírẹ́sì kan pamọ́ fún, kí ó má baà yí padà. Nọ́ńbà MAC rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un, ni sáfà fi ń dá a mọ̀. Ó ṣòro díẹ̀ lórí fóònù, torí láti Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń lo MAC àfidípò lórí Wi-Fi.

Bí àdírẹ́sì Windows bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ké títí, kò rí olùdáhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Èyí tó burú jùyẹn ni kí ẹni tí kò yẹ dáhùn. DHCP fúnra rẹ̀ kì í béèrè ẹni tí sáfà jẹ́; ráútà ilé kan tí òṣìṣẹ́ kì bọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì lè máa pín àdírẹ́sì òdì, tí íntánẹ́ẹ̀tì ìdajì ilé á sì dákẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń dí i ni DHCP snooping, tí switch (ẹ̀rọ tí a ń ki wáyà àwọn kọ̀ǹpútà bọ̀ láti so wọ́n pọ̀) fi ń gba ìdáhùn sáfà láti ojú ihò wáyà kan tí olùtọ́jú yàn, tí á sì da ìyókù nù.