Pátákó Lẹ́tà Nìkan Kọ́ ni Àyẹ̀wò Ojú

Bí èèyàn bá lọ gba ìwé ìwakọ̀, tí wọ́n ní kó ka lẹ́tà ara ògiri, tó sì kà á dé ìsàlẹ̀, bó bá délé, ohun tó máa sọ ni pé wọ́n ti yẹ ojú òun wò, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kíkà jẹ́ ọ̀kan péré nínú àyẹ̀wò tó wà, ohun kan ṣoṣo ló sì ń wádìí: bóyá ojú ń rí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀ dáadáa. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tó lè ti jẹ ojú lọ jìnnà kí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ṣú mọ́ni lójú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú tó bá ti bá a lọ kì í padà. Torí àrùn yẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ èyí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ pátákó náà bẹ̀rẹ̀, òun ni gbogbo ayé mọ̀. Herman Snellen, dókítà ojú ará Netherlands, ló gbé e jáde lọ́dún 1862. Mítà 6 ni wọ́n máa ń fi sáàárín yín àti pátákó. Yàrá púpọ̀ kì í gùn tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè bá dígí lára ògiri, tí wọ́n á ní kí ẹ máa wo lẹ́tà látinú rẹ̀, kí mítà 3 lè di 6. Lẹ́tà òkè pátápátá ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Àwọn tó wà lórí ìlà 6/6 kò tó sẹ̀ǹtímítà kan.

Nínú 6/6 yìí, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹ̀yin wà, ìkejì ni ibi tí ẹni tójú ẹ̀ dá ṣáká ti lè ka ìlà yẹn. Bí wọ́n bá kọ 6/60 síwèé yín, lẹ́tà tí ẹlòmíràn ń kà láti mítà 60 ni ẹ̀yin súnmọ́ dé mítà 6 kí ẹ tó rí i. Ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn tiwọn, ló fi di 20/20 lọ́dọ̀ wọn. Bí ojú tó ríran jù nínú méjèèjì kò bá lè dé 3/60, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí ìfọ́jú. Kí màmá tí kò kàwé má sì tìtorí ẹ̀ jókòó sílé o: pátákó kan wà tó jẹ́ kìkì E ló kún inú ẹ̀, òmíràn kọjú sókè, òmíràn sísàlẹ̀, òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n á fi júwe ibi tí ẹsẹ̀ E náà kọjú sí.

Lẹ́yìn èyí, nọ́ọ̀sì lè fún yín ní nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lu ihò wínníwínní sí, á ní kí ẹ gbà á wo pátákó. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí gan-an, torí kò náni ní nǹkan kan, ó sì ń sòótọ́. Bí lẹ́tà bá mọ́lẹ̀ sí i látinú ihò yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ awò ojú ni gbogbo ohun tí ẹ nílò. Bí kò bá mọ́lẹ̀ sí i, nǹkan mìíràn ń bẹ níbẹ̀ tí dókítà gbọ́dọ̀ wá rí.

Wíwọn awò ló kàn. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wo inú ojú, á sì gbé nọ́ńbà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa pààrọ̀ awò níwájú yín, "Èwo ló mọ́lẹ̀ jù, àkọ́kọ́ ni àbí ìkejì?" Bí méjèèjì bá rí bákan náà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìdánwò tí wọ́n ń yege. Awò tí nọ́ńbà rẹ̀ ní àmì ìyọkúrò wà fún ẹni tí kì í rí òkèèrè, èyí tó ní àmì ìròpọ̀ sì wà fún ẹni tí ìtòsí ń yọ lẹ́nu, títí kan àwa tá a ti lé lógójì ọdún, tá à ń na fóònù jìnnà ká tó rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú awò ìkàwé tí wọ́n ń kiri ní gáréèjì, bí ojú méjèèjì bá dọ́gba. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹni tó ra tiẹ̀ lójú ọ̀nà ti rídìí má dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ì bá yẹ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ wò. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, awò tí wọ́n wọ̀n lónìí lè má bá ojú mu mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ṣúgà fara balẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí glaucoma tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀. Omi kan wà nínú ẹyinjú, kì í ṣe omijé o, tí ara ń ṣe lójoojúmọ́, tó sì ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Bí gọ́tà bá dí, òjò ò ní tìtorí ẹ̀ dáwọ́ dúró. Omi á máa ga sí i ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti inú ojú, tó sì ń pa iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa kì í dunni, kì í mú ojú pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀, ọ̀gangan àárín tá a fi ń ka lẹ́tà ló máa ń kàn gbẹ̀yìn.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe yí ká Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 rí i pé nínú èèyàn 20 tó ti pé ẹni 40 ọdún, nǹkan bí ẹnì kan ló ní in. Nínú 100 àwọn tó ní in, àwọn tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ò tó 6. Ọ̀kan nínú 5 wọn sì ti fọ́jú. Katarátì, ìyẹn kí dígí inú ẹyinjú máa ṣú bí ìkùukùu, ló ń fọ́ ojú jù nílẹ̀ wa, glaucoma ló tẹ̀ lé e. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ lè la ojú tí katarátì dí, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè jí iṣan tó ti kú. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń fi oògùn kíkán tàbí iṣẹ́ abẹ dá sí.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ló ń mú un, ẹ̀ẹ̀kan kì í sì í tó. Wọ́n á wọn bí inú ojú ṣe le tó. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn fìì sójú, ẹ ó ta gìrì, ó tán. Èyí tí àwọn dókítà gbẹ́kẹ̀ lé jù, tí wọ́n ń pè ní Goldmann, fara balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á kán oògùn tí kò ní jẹ́ kójú mọ nǹkan lára, wọ́n á fi àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ sí i, ẹ ó gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ, iná búlúù kan á sì máa súnmọ́ yín títí á fi kan ẹyinjú. Ẹ má séèmí, ẹ sì tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù tó bá fún, torí méjèèjì lè gbé nọ́ńbà náà ga láìnídìí. 10 sí 21 ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè máà ní ìṣòro kankan níbí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń tàn ra wọn jẹ nìyí: wọ́n á gbọ́ 16, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín lọ sílé. Iṣan ojú àwọn kan ń kú níbi tí nọ́ńbà ò ti ga rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, awọ iwájú ojú ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú kì í nípọn púpọ̀, èyí sì máa ń mú kí ẹ̀rọ ka nọ́ńbà tó kéré sí bó ṣe rí gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìwòsàn kan fi ń wọn bí awọ yẹn ṣe nípọn tó.

Torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ wo iṣan yẹn fúnra ẹ̀. Wọ́n á kán oògùn tó ń la ọmọlójú, ẹ ó jókòó fún bí ìdajì wákàtí, wọ́n á wá fi iná wo ẹ̀yìn ẹyinjú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí orí iṣan náà, roboto, pẹ̀lú kòtò kékeré láàárín. Bí iṣan ṣe ń kú ni kòtò náà ń fẹ̀ sí i. Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, ló ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ojú, lọ́dún 1851. Oòrùn á máa ta yín lójú lẹ́yìn náà, ìwé kíkà á sì ṣòro fún wákàtí mélòó kan. Ẹ má wakọ̀ lọ, ẹ mú ẹnì kan dání.

Ìkẹta ni ti ẹ̀gbẹ́ ojú, òun ló sì máa ń sú èèyàn jù. Wọ́n á bo ojú kan, ẹ ó kọjú sínú ẹ̀rọ kan tó rí bí igbá funfun tí wọ́n dà sí ẹ̀gbẹ́, iná kékeré kan á wà láàárín tí ẹ ò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀. Iná mìíràn á máa ṣẹ́jú níbí, á máa ṣẹ́jú lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá rí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọwọ́ yín. Ẹ má lépa ẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú àwọn kan ṣókùnkùn débi pé kò sí ojú tó lè rí i, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ìgbà àkọ́kọ́ kì í sábà dáa, wọ́n lè ní kí ẹ padà wá tún un ṣe. Bí àbájáde bá dé, ibi tó dúdú lórí ìwé ni ibi tí ojú ò ti rí nǹkan. Ó máa ń ya aláìsàn lẹ́nu, torí òun ò rí òkùnkùn kankan tẹ́lẹ̀. Ọpọlọ ti ń bá a dí àlàfo náà.

Oògùn tó ń la ọmọlójú yẹn náà ni wọ́n fi ń wo ojú alátọ̀gbẹ, lọ́dọọdún, yálà ó ń ríran tàbí kò ríran, torí àtọ̀gbẹ máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú jò láìjẹ́ kó hàn síta.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Ọmọ tí kò rí pátákó níléèwé ò mọ̀ pé àwọn yòókù ń rí i, torí náà kò ní ráhùn. Olódo ni wọ́n á máa pè é. Bí ojú kan bá lágbára ju èkejì lọ, ọpọlọ á pa èyí tó rẹ̀yìn tì, bí ọmọ bá sì ti lé ní ọdún 7 tàbí 8, àtúnṣe rẹ̀ máa ń ṣòro. Ẹ lè dán èyí wò nílé: ẹ rọra fi ọwọ́ bo ojú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ bo ọ̀tún, àmọ́ tó ń ti ọwọ́ yín dànù nígbà tí ẹ bo òsì, ti fẹjọ́ ojú ọ̀tún ẹ̀ sùn. Bí ẹ bá sì fi iná ya fọ́tò rẹ̀, tí àárín ojú kan pupa, tí èkejì funfun, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ katarátì àbímọ́ni, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ìwé alámì tótótó tí wọ́n fi ń wá nọ́ńbà, ti Shinobu Ishihara ará Japan láti 1917, ń wádìí bóyá èèyàn mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ó ṣe pàtàkì fẹ́ni tó fẹ́ di awakọ̀ òfuurufú tàbí oníṣẹ́ iná.

Optometrist, ìyẹn ẹni tó kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú àti wíwọn awò, lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí, kó sì kọ awò. Dókítà ojú ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ń ta férémù lásán kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó dáa kí ẹni tó bá ti pé 40 ọdún ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti glaucoma lẹ́ẹ̀kan, kí dókítà wá sọ ìgbà tó máa padà wá. Bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá ní in, kó tètè lọ. Àwọn èèyàn wa tó wà ní England, bí wọ́n bá ti pé 40, tí òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ wọn sì ní glaucoma, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ojú wọn lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀. Ní Scotland, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ará ìlú. Ibi yòówù kí ẹ ti ṣe é, ẹ gba ìwé àbájáde dání, ẹ má fi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n á gbé ti ọdún yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti ọdún tó kọjá kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ojú náà ń lọ.