Lúùpù Lórí Ìtàgé: Ẹ Mú Sọ́fítíwià Tí Bọ́tìnì Rẹ̀ Kò Pọ̀

Àwọn olórin tó máa ń dá ṣeré sábà máa ń bi mí pé sọ́fítíwià wo ló dára jù fún lúùpù. Ohun tí lúùpù jẹ́ ni pé kí ẹ gba orin kúkúrú sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń ṣeré lọ́wọ́, kí kọ̀ǹpútà máa tún un kọ láìdúró, kí ẹ sì máa kó ohùn mìíràn lé e. Ẹ ta gìtá, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ gbe orin ara yín, ẹnì kan á di ẹgbẹ́ akọrin. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ ni kí ẹ gbé lọ sórí ìtàgé. Ní sítúdíò, èèyàn lè dúró wá bọ́tìnì. Lójú èrò, ọwọ́ yín méjèèjì wà lára gìtá, àwọn tó wá wòran ló sì yẹ kí ẹ máa wò.

Méjì ni mo máa ń dárúkọ, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. SooperLooper, tí Jesse Chappell kọ, wà fún Linux àti Mac. Giada wà fún àwọn yẹn àti Windows. Ìṣe wọn ò jọra. Ní Giada, ẹ lè kọ́kọ́ sọ bí orin á ṣe yá tó àti iye bíìtì tó máa wà nínú ìyípo kan, kí gbogbo ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀ wá bá ìwọ̀n yẹn mu. Ní SooperLooper, ẹsẹ̀ yín ló ń pàṣẹ. Ẹ tẹ pẹ́dàlì, ẹ ṣeré, ẹ tún un tẹ̀. Ibi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ni ìyípo náà parí sí.

Ìtẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí gan-an niṣẹ́ wà. Ká ní orin yín ń lọ ní bíìtì 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bíìtì 16 á gba ìṣẹ́jú àáyá 8. Tí ẹsẹ̀ yín bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, lúùpù ti di 8.1. Ẹ lè rò pé kò tó nǹkan, àmọ́ gbogbo ìyípo ló máa tún un ṣe. Tí onílù kan bá ń bá yín lù, tí kò sì yẹsẹ̀, lẹ́yìn ìyípo márùn-ún, odidi bíìtì kan ló máa wà láàárín òun àti lúùpù.

Ohun tó sì ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n á ta bíìtì kẹrìndínlógún tán, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, lúùpù á wá kúrú. Ẹ máa kà á sókè: mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, ọ̀kan. Orí “ọ̀kan” yẹn ni kí ẹsẹ̀ balẹ̀. Ẹ má sì dáwọ́ gìtá dúró tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Àwa tí orin wa ń tẹ̀lé ìlù agogo tí ìyípo rẹ̀ pín sí méjìlá, tí bíìtì kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta, ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń fi kíbọ́ọ̀dù pe ohùn agogo. Tí ẹ bá ní kí sọ́fítíwià máa tún àkókò ṣe sí ìdá mẹ́rin bíìtì, á fa agogo kúrò láyè rẹ̀, ijó á sì bàjẹ́. Ìdá mẹ́ta bíìtì ni kí ẹ fi í sí, tàbí kí ẹ pa á.

Ọ̀rọ̀ ìpẹ́ ohùn náà tún wà. Kọ̀ǹpútà máa ń kó ohùn jọ ní ìdì-ìdì kó tó jáde. Tí kọ̀ǹpútà bá ń gba ègé ohùn 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdì tó ní ègé 1024 ń jẹ nǹkan bí ìdá ẹgbẹ̀rún 21 ìṣẹ́jú àáyá, 128 ò sì tó 3. Tí kọ̀ǹpútà ò bá lágbára, ìdì kékeré á jẹ́ kí ohùn máa já. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 256. Ẹni tó ń lo Windows, kó wá ASIO, ìyẹn dírábà tó ń jẹ́ kí ohùn tètè jáde.

Ẹ má jẹ́ kí máìkì kọjú sí sípíkà, torí lúùpù àtijọ́ á tún wọ inú tuntun, ohùn á sì dàrú. Tí orin bá sì ti kún jù, ẹ fa feedback SooperLooper (ìyẹn ìwọ̀n ohùn àtijọ́ tó máa kù ní ìyípo kọ̀ọ̀kan) wálẹ̀ sí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ẹ bá ń kó ohùn lé e. Ohùn àtijọ́ á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀keje, kò ní tó ìdajì mọ́, ẹ ó sì ráyè fi tuntun sí i láìdá orin dúró.