Ẹ Má Dí Ihò Afẹ́fẹ́ Yẹn

Àwọn tó ń bójú tó ilé àyágbé ìjọba kan tún pè mí lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti fi fóòmù wọ ògiri láṣọ kí òtútù má baà wọlé, wọ́n ti pààrọ̀ fèrèsé sí onígíláàsì méjì, owó iná àwọn ayálégbé sì ti wálẹ̀. Kí ló wá dé? Ògiri ń bu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ gbọ́, èémí wa, ọbẹ̀ tó ń hó, aṣọ tí a sá sínú yàrá, omi ni gbogbo wọn ń tú sínú afẹ́fẹ́. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin lè tú tó lítà mẹ́wàá lójúmọ́. Nígbà tí fèrèsé àtijọ́ ṣì ń jò, atẹ́gùn ló ń bá wa kó o jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá dí gbogbo àlàfo pa, ẹ ò ṣí ọ̀nà mìíràn. Níbo ni kí omi gbà? Ibi tó bá tutù jù ló máa bà lé: etí fèrèsé tí fóòmù ò dé, kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ìgò omi tútù ṣe ń làágùn ni ògiri ń làágùn. Ẹni tó bá ní ọ̀dà kan lòun máa fi wò ó sàn, owó yín ló ń wá.

Ní Nẹ́dálándì, ètò àtúnṣe ilé kan tó ń jẹ́ Energiesprong ń wọn ilé, wọ́n á ṣe ògiri tuntun ní ilé iṣẹ́, wọ́n á gbé e wá wọ ilé àtijọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ayálégbé ò ní kó jáde. Lọ́dún 2013, agbaṣẹ́ṣe mẹ́rin àti ẹgbẹ́ onílé àyágbé mẹ́fà tọwọ́ bọ̀wé lórí 111,000 ilé. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn. Àmọ́ tí àwòrán ilé tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ bá ní àṣìṣe, tí ẹ fi ṣe 400 ilé, 400 àṣìṣe lẹ ṣe.

Mo kan ilẹ̀kùn ìyá àgbàlagbà kan. Ẹnì kan ti bá a gbàdúrà sí ògiri náà, ó sì wọ́n omi sí i. Omi lórí omi! Mo gbójú sókè, ìborùn ni wọ́n rọ sínú ihò afẹ́fẹ́ tí fáànù fi ń fa ọ̀rinrin jáde.

"Màmá, ta ló dí ibí yìí?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn."

Fáànù olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n gbé sókè orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo fa ìborùn náà yọ, ó tutù rinrin. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n pààrọ̀ fáànù, wọ́n ní owó ti tán. Nígbà tí mo padà lọ, ìbọ̀sẹ̀ ló wà níbẹ̀.