Ta Ló Gba Àyè Ọmọ Éṣíà ní Harvard?

Bí ọ̀rọ̀ àtiwọ yunifásítì Harvard tàbí Yale ní Amẹ́ríkà bá ti délẹ̀, ẹnìkan ò ní ṣàì sọ pé ọmọ Éṣíà ní láti fi máàkì 140 ju òyìnbó lọ nínú SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì níbẹ̀, kí wọ́n tó lè gbà á. Kò ní dákẹ́ síbẹ̀. Á fi kún un pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n gbé àyè ọ̀hún fún. Ó ti wá burú débi pé àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Houston àti Maryland ń sọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n á ní, “Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwa là ń jàǹfààní níbẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Pé àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Ṣáínà, Kòríà àti Íńdíà wá ń mókè nínú ìdánwò lápapọ̀, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Pé Harvard ń wo ẹ̀yà ọmọ kó tó gbà á, títí di ọdún 2023, Harvard fúnra rẹ̀ ò sẹ́ ẹ. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń so méjèèjì pọ̀ bíi pé ìkan ló bí ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú 140 yẹn. Thomas Espenshade ti yunifásítì Princeton àti ẹnìkejì rẹ̀, Alexandria Radford, ló gbé e jáde nínú ìwé kan lọ́dún 2009, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì lọ́dún 1997 ni wọ́n fi ṣírò ó. Òmíràn nínú àwọn ọmọ ìgbà yẹn ti ń wá yunifásítì fún ọmọ tiwọn báyìí. Kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti jókòó tó ń yọ 140 kúrò lára máàkì ọmọ kankan. Àbájáde ìṣirò ni, Espenshade fúnra rẹ̀ sì sọ pé òun ò lè tìtorí rẹ̀ sọ pé wọ́n ń rẹ́ ọmọ Éṣíà jẹ, torí pé òun ò rí lẹ́tà olùkọ́ àti àròkọ àwọn ọmọ náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Harvard kì í ṣe ti JAMB. Kò sí cut-off níbẹ̀. Nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kọ̀wé wá láti wọlé lọ́dún 2015, nǹkan bíi 3,400 ló gba gbogbo máàkì ìṣirò inú SAT láìku ẹyọ kan, àwọn tí èsì ilé-ìwé wọn pé pérépéré sì lé ní 8,000. Àyè tó wà kò ju nǹkan bíi 1,600 lọ. Nítorí náà, “máàkì rẹ̀ pé, wọn ò sì gbà á” ò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òyìnbó náà.

Nọ́ńbà kan wà tó lágbára ju 140 lọ, mi ò ní fi pamọ́. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Students for Fair Admissions pe Harvard lẹ́jọ́ pé ó ń rẹ́ ọmọ Éṣíà jẹ. Nínú ìdájọ́ tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà ṣe lórí ẹjọ́ náà lóṣù Kẹfà ọdún 2023, Adájọ́ Àgbà John Roberts mẹ́nu bà á pé bí wọ́n bá to àwọn tó fẹ́ wọ Harvard sí ipele mẹ́wàá nípa ìwé, aláwọ̀ dúdú tó wà ní ipele kẹrin láti ìsàlẹ̀ ní àǹfààní 12.8 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ọmọ Éṣíà tó wà ní ipele òkè pátápátá ní 12.7. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kó da èèyàn láàmú. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó wà ní ipele òkè yẹn kan náà ń kọ́? 15.3 ni tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé wọ́n dá ètò kankan sílẹ̀ láti ran òyìnbó lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú ló gba àyè ọmọ Éṣíà, kí ló dé tí kò gba ti òyìnbó bákan náà?

Lọ́dún 2013, ẹ̀ka ìwádìí Harvard ṣe ìṣirò kan tó jẹ́ pé ẹjọ́ ló gbé e síta. Bó bá jẹ́ ìwé nìkan ni wọ́n ń wò, àwọn ọmọ Éṣíà ìbá jẹ́ nǹkan bíi 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gbà. Wọ́n fi ojúrere tí wọ́n ń ṣe fún eléré ìdárayá àti ọmọ àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ kún un, ó já sí 31. Wọ́n fi máàkì ìwà àti ti ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì kún un, ó di 26. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó fi ẹ̀yà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kún un, ó sì di 18. Ìgbésẹ̀ kìíní ló gé èyí tó pọ̀ jù, àwọn òyìnbó ló sì pọ̀ níbẹ̀: nínú gbogbo òyìnbó tí Harvard gbà láàárín ọdún tí ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, àwọn tó jẹ́ eléré ìdárayá, ọmọ ẹni tó ti jáde níbẹ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ wọn tàbí ọmọ tí ọ̀gá àgbà ń fojú sí lára lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé ìgbésẹ̀ kẹta náà kì í ṣe kékeré, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá yí bí wọ́n ṣe tò ó padà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lè yí. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mú olè kó má fo ilé àkọ́kọ́.

Ibi tí mi ò lè kúrò ni máàkì ìwà yẹn. Harvard ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 6, 1 ló dára jù. Ti ìwé wà, ti eré ìdárayá wà, ti ìgbòkègbodò wà, èyí tó jẹ́ ti irú èèyàn tó jẹ́ náà wà: ṣé onínúure ni, ṣé ó ní ìgboyà, ṣé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fẹ́ bá a gbé. Òṣìṣẹ́ tó ń fún un ní máàkì yìí sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò rí i sójú rí. Àròkọ ló kà, àti lẹ́tà olùkọ́, àti ìròyìn ẹni tó fọ̀rọ̀ wá ọmọ náà lẹ́nu wò. Nǹkan bíi 22 nínú ọgọ́rùn-ún òyìnbó ló ń gba 1 tàbí 2 níbẹ̀. Ti àwọn ọmọ Éṣíà jẹ́ 18. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti jáde ní Harvard, tí wọ́n jókòó ti ọmọ náà, tí wọ́n gbóhùn rẹ̀, fún ẹ̀yà méjèèjì ní máàkì ìwà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn tó rí wọn ò rí ìyàtọ̀. Àwọn tó ka ìwé wọn ló rí i. Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n máa fi nọ́ńbà wọn ọmọlúàbí?

Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Boston lọ́dún 2018, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ló kojú ara wọn: Peter Arcidiacono ti yunifásítì Duke ṣírò fún àwọn olùpẹ̀jọ́, David Card ti yunifásítì Berkeley ṣírò fún Harvard. Àkọsílẹ̀ kan náà ni wọ́n lò, ti àwọn ọmọ tó lé ní 150,000. Arcidiacono yọ máàkì ìwà kúrò, ó tún yọ àwọn ọmọ olójúrere tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì rí ìyà tó ń jẹ ọmọ Éṣíà. Card fi gbogbo rẹ̀ sí i, kò sì rí nǹkan kan tó ṣeé dì mú. Ta ló jàre? Bí ojúsàájú bá ti wà nínú máàkì ìwà, kéèyàn wá fi í ṣe òṣùwọ̀n dà bíi kí a ní kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wá ṣẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú lẹ́tà àwọn olùkọ́ lóòótọ́ ló gbé jáde, a jẹ́ pé ẹni tó yọ ọ́ ń ṣe bíi pé Harvard kì í ka lẹ́tà. Mo ti yí ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, mi ò rí ìṣirò kankan tó lè bá wa yà á. Ohun tí a fẹ́ wá ojúsàájú nínú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń wọn ojúsàájú.

William Fitzsimmons, ọ̀gá tó ń bójú tó ìgbaniwọlé ní Harvard nígbà ẹjọ́ náà, ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́tà olùkọ́ ló fà á. Àlàyé náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó kàn gbé ẹ̀sùn kúrò ní ọ́fíìsì Harvard, ó gbé e lọ sí ilé-ìwé girama. Adájọ́ Allison Burroughs dá Harvard láre lọ́dún 2019. Ó gbà pé ojúsàájú tí ẹni tó ń ṣe é ò mọ̀ pé òun ń ṣe lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kò sẹ́ni tó fi fáìlì ọmọ kan ṣoṣo hàn òun tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ yí ìdájọ́ náà padà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n sì ní kí àwọn yunifásítì má wo ẹ̀yà mọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé ìyẹn ló parí àríyànjiyàn máàkì ìwà. Kò parí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ńkọ́? Lọ́dún 2024, iye àwọn ọmọ Éṣíà lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gòkè ní MIT láti 40 sí 47 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Harvard, 37 ló wà tẹ́lẹ̀, 37 náà ló ṣì jẹ́. Ní Yale, ó já láti 30 sí 24. Ẹni tó bá lè fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pa ìtàn kan ṣoṣo, ẹnu onítọ̀hún dùn.

Ó jọ lójú mi pé nǹkan kan ń ṣe ọmọ Éṣíà ní ẹ̀gbẹ́ òyìnbó, pé kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀, àti pé ilé àwọn tó bá Harvard tan ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ wá a. Mi ò lè búra ju ìyẹn lọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí jẹun, àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí láti kọ́ ọmọ bó ṣe máa wọlé. Wọ́n á ní kí ọmọ Ṣáínà má dárúkọ dùùrù tó ń tẹ̀, kó má bàa jọ ọmọ Éṣíà jù, wọ́n á sì sọ fún òbí Yorùbá pé àwọ̀ ọmọ rẹ̀ tó. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ṣẹjọ́ yìí ò tiẹ̀ kan ọmọ tó ń ti Ìbàdàn kọ̀wé; àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àtàwọn tó ní ìwé ìgbélùú nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Roberts sì sọ pé ọmọ ṣì lè kọ bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe kan ìgbésí ayé rẹ̀ sínú àròkọ, kíá ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìtàn ìyà. Bí ọmọ yín ò bá sùn lébi rí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá a kọ ọ́ pé ó sùn lébi. Lẹ́tà olùkọ́ rẹ̀ wà nínú fáìlì kan náà, ẹnìkan náà ló sì máa ka méjèèjì.