Kí Ẹ Tó Pe Bíríkìlà sí Ilé Bàbá Yín

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìdí ògiri náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jábọ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni ilé ọ̀hún, ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́ wọ yàrá. Bàbá tó bí bàbá wọn ló kọ́ ọ. Kí n tó dé, Alhaja tó dàgbà jù nínú ilé ti ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá kalẹ̀. Ó ní, "Injiníà, ilẹ̀ ibí ni kò dáa. Ẹ bá wa da kọ̀ǹkéré yí ilé yìí ká, kí ọkàn wa balẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ilé yín ná." Mo yọ tépù, ìwé àjákọ, pẹ́ńsùlù méjì, àti ọ̀pá mítà kan tí mo kùn ní pupa àti funfun. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ fún ilé ni?" Kì í ṣe ẹnu tirẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wọn ilé náà. Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ Alhaja pé kó bá mi wá fọ́tò èyíkéyìí tí wọ́n bá ti yà níwájú ilé. Ó fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú aṣọ òkè kan, ó sì mú fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ obìnrin jáde láàárín rẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ojú ìyàwó. Èmi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà láti ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà nínú fọ́tò yẹn. Ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà ni mo gbà wọlé láàárọ̀, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni mo gùn.

Mo padà síta, mo wọn gíga èyí tó kù: sẹ̀ǹtímítà 17. Bí méjì tó wọlẹ̀ bá ga bákan náà, a jẹ́ pé ojúde ilé ti ga sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 látọjọ́ ìgbéyàwó yẹn. Iyanrìn tí wọ́n ń rọ́ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, àti kọ̀ǹkéré tí wọ́n wá tẹ́ lé e lórí, ti bo ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi òjò kò tún bá òkúta ìpìlẹ̀ pàdé mọ́, ara amọ̀ gan-an ló ń lọ. Fọ́tò náà tún sọ ọ̀rọ̀ kejì. Nígbà yẹn, etí páànù yọ síta débi pé òjìji rẹ̀ bo fèrèsé òkè. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ páànù, káfíńtà gé e kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kí owó má baà pọ̀. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ti ń dà jìnnà sí ilé tẹ́lẹ̀ wá ń dà sí ìdí ògiri.

Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá ní ilé àtijọ́ pé kó kọ ilé náà sílẹ̀, ìyẹn kó wọ̀n ọ́n, kó yà á, kó sì kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé, kó tó fọwọ́ kàn án. Àwọn kan rò pé tàwọn onímùsíọ́mù nìyẹn, pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kò ráyè ìwé. Àmọ́ bí dókítà kò bá tíì bi yín léèrè ọ̀rọ̀, tó ti fa abẹ́rẹ́ yọ, ṣé ẹ ó jókòó?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí sìmẹ́ńtì ń ṣe fún amọ̀, torí òun ló ba ilé jẹ́ jù nínú gbogbo èyí tí mo ti rí. Ẹ rántí àmù ìyá àgbà. Ara rẹ̀ a máa làágùn, omi inú rẹ̀ a sì máa tutù, nítorí pé omi ń gba ara amọ̀ jáde, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Bí ògiri alámọ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Ó ń fa omi láti ilẹ̀, ó ń dá a padà fún atẹ́gùn, bí wọ́n bá sì jẹ́ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ wá fi sìmẹ́ńtì dè é lára. Omi ṣì ń gòkè láti ìsàlẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde, ó ń wá ibi tó ga sí i lọ. Iyọ̀ inú ilẹ̀ bá a gòkè, ìyẹn ni nǹkan funfun bí ẹ̀lùbọ́ tí ẹ máa ń rí lára ògiri. Sìmẹ́ńtì sì le ju amọ̀ lọ. Bí amọ̀ bá wú tàbí tó sún kì, sìmẹ́ńtì kò lè bá a ṣe é, ńṣe ló máa là. Òjò á gba ojú ibi tó là wọlé, kò ní ríbi jáde. Mo fi ìka kan ògiri Alhaja, ó dún bí agbè òfìfo. Nígbà tí mo ṣí i díẹ̀, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀bà.

Àwọn tó kọ́ ilé yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ọkọ̀ òkun ló ń kó ọ̀pọ̀ sìmẹ́ńtì wá sọ́dọ̀ wa, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi ṣòfò. Amọ̀ ni wọ́n fi ń rẹ́ amọ̀, wọ́n á wá fi ẹfun kùn ún.

Báwo wá ni a ṣe ń kọ ilé sílẹ̀? Ẹ kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Ẹ ya àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kó má dọ́gba, kò sóhun tó burú níbẹ̀, kí ẹ sì fún yàrá, ìlẹ̀kùn àti fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń wọn yàrá, ẹ má fi mọ sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Ẹ fa tépù láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kí ẹ ṣe èkejì náà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, yàrá náà wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yàrá àtijọ́ sì ṣe rí. Mo ti rí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ya gbogbo igun ilé ní ọgbọọgba. Àwòrán náà rẹwà, ṣùgbọ́n ilé ẹlòmíràn ló yà.

Fọ́tò, fóònù tó. Ẹ gbé ọ̀pá mítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ń yà, kí ẹni tó bá wò ó lẹ́yìn ogún ọdún lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ ya gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé, títí kan ẹ̀yìn tó ń tì yín lójú. Ẹ̀yìn ilé ni wọn kì í tún ṣe, torí náà ibẹ̀ ni àtijọ́ pọ̀ sí jù. Ibi tí ògiri bá ti là, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kékeré sí ibi tó parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn òjò ọdún kan, ẹ padà lọ wò ó. Bó bá ti kọjá ìlà yín, ilé náà ṣì ń rìn. Bí kò bá kúrò lójú kan, ó lè jẹ́ pé ọgbẹ́ àtijọ́ tó ti jinná ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó kọ̀ǹkéré lọ́wọ́ yín lé e lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jókòó ti àgbà ilé, kí ẹ bi í pé ta ló kọ́lé, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ta ló ń gbé yàrá wo. Ẹ ya ohun tó fojú ara rẹ̀ rí sọ́tọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ fún un. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìdílé pé, "Àwa bá Kòsọ́kọ́ wá ni." Òótọ́ ni pé lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní oṣù Ọ̀pẹ 1851, Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́, tó jẹ́ ọba Èkó nígbà náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí, kò sì padà sílé títí di 1862. Ṣùgbọ́n ọdún tí ìdílé dé lọ̀tọ̀, ọdún tí ilé dìde lọ̀tọ̀. Ilé tí ẹ ń wò lè jẹ́ ẹ̀kẹta lórí ilẹ̀ yẹn. Ẹ bi igi àti irin léèrè. Ìṣó onígun mẹ́rin ti wà ṣáájú ìṣó róbótó tí à ń rà lónìí. Bí ẹ bá bá a lára igi àjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú rí, ó lè ti pẹ́ gan-an. Bó jẹ́ róbótó nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ má tíì kọ 1851 sára ògiri. Bákan náà ni iṣẹ́ ọnà òdòdó tó yí fèrèsé ká. Ọwọ́ àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil ni iṣẹ́ yẹn ti tàn kálẹ̀ l'Ékòó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 wà lára iṣẹ́ wọn. Àmọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àti ọmọ iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ wọn, ṣì ń ṣe é lẹ́yìn ìgbà náà.

Ó wá ku àtúnṣe. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí, kì í ṣe ògiri. Ní ilé Alhaja, a fọ́ kọ̀ǹkéré ojúde, a wa ilẹ̀ sílẹ̀ títí a fi rí àtẹ̀gùn méjèèjì (wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan ti sán), a jẹ́ kí ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára ilé, a sì fa etí páànù gùn padà. Lẹ́yìn náà la rọra fi ọwọ́ ṣí sìmẹ́ńtì kúrò. A kò fi nǹkan kan bo ògiri náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn aládùúgbò ní a ti sá lọ.

Fún amọ̀ tí ẹ ó fi rẹ́ ẹ, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu omi kún un, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ tó kúnná á wà lókè. Bí èyí tó kúnná bá pọ̀ jù, ara ògiri á là bó bá gbẹ, ẹ fi iyanrìn kún un. Ẹ fi koríko gbígbẹ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ pò ó mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ibi kékeré mẹ́ta pẹ̀lú àpòpọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó yan èyí tí ẹ ó lò. Tí ó bá gbẹ tán, ẹ fi ẹfun (láìmù) kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Ẹ ṣọ́ra níbi tí ẹ ti ń ra ẹfun o. Ọ̀pọ̀ láìmù tí àwọn tó ń sin ẹja ń dà sínú odò ẹja jẹ́ òkúta lílọ̀ tí iná kò kàn, kò ní gan mọ́ ògiri láéláé. Èyí tí wọ́n ti sun, tí wọ́n sì ti fi omi pa, ni kí ẹ bèèrè. Bí wọ́n bá fún yín ní èyí tí wọn kò tíì fi omi pa, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ jẹ́ kí ojú yín àti àwọn ọmọdé jìnnà sí i, torí bí omi bá kàn án, ńṣe ló máa ń hó bí omi orí iná.

Tí igi bá rà nídìí, ibi tó rà nìkan ni kí ẹ gé, kí ẹ fi irú igi kan náà so ó. Ìrókò tí ikán ti bá jà fún ọgọ́rin ọdún tí kò jẹ tán sàn ju pákó tuntun tó wà lọ́jà lọ.

Àwọn ilé kan ní orúkọ tó ń ṣọ́ wọn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì ní Àgbádárìgì, tí wọ́n parí ní 1845, àlejò ń wá wò ó lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ orúkọ nìkan kò tó. Ilojo Bar tó wà ní Tinúubú l'Ékòó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ohun tó kù nínú rẹ̀ lónìí ni fọ́tò àti àwòrán tí àwọn èèyàn ti yà kó tó di ọjọ́ náà. Ilé ìdílé tí kò ní orúkọ kankan ní Òkè Balógun, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, kò ní ìyẹn pàápàá, àfi bí ọmọ ilé bá ṣe é.

Ẹ ṣe ìwé ilé náà ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ó má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, pàápàá tí ọ̀rọ̀ ogún bá ti wà nílẹ̀. Mo gbé ti Alhaja fún un lọ́sẹ̀ tí a parí iṣẹ́. Ó wo ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú awò lójú, ó dé yàrá kẹta nísàlẹ̀, ibi tí mo kọ "ilé ìdáná" sí. Ó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi. Ó fagi lé e, ó sì kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: ibí ni wọ́n ti bí mi.